Bí àpilẹ̀kọ mi ṣe wọ ìwé ìròyìn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwé ìròyìn kan nílùú Àkúrẹ́ dá àpilẹ̀kọ mi lórí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú padà. Mo rò pé èdè mi ni kò dán tó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ méjì tí mo fi jókòó ti ìyá tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá Ọjà Ọba ló là mí lójú. Àwọn àgbẹ̀ tó wọlé láti Ìdànrè (wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ) kọ́kọ́ ń wá iye tí wọ́n ń ra kòkó, lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń kọ fún bàbá kan, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni kí n ṣe sóko mi lọ́la?"

Mo gé ọ̀rọ̀ 1,400 kù sí 500. Ìtàn bí kòkó ṣe dé ilẹ̀ wa, mo yọ ọ́, ó sì dùn mí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá di: ẹ ká èyí tó ti dúdú kúrò lórí igi, ẹ má fi sílẹ̀ nínú oko, ẹ gé ẹ̀ka tó bá dí jù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo fi ránṣẹ́ kí òjò tó le, torí ìgbà òjò ni àrùn náà ń ràn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.