Bí Gúrúùpù Ò Bá Jẹ́ Kí Fóònù Sinmi: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe ní Takie, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí gúrúùpù ń dà láàmú ti fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí fóònù wọn bàjẹ́ lóòótọ́ lọ. Wọ́n á ní bátìrì ò pẹ́ mọ́, dátà ń tètè tán, fóònù ń lọ́ra. Tí a bá ṣí i báyìí, gúrúùpù ọmọ ilé, gúrúùpù ìjọ, gúrúùpù àjọ, gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ ṣe ilé ìwé, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ni mo kó jọ síbí, bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ gan-an.

Làfún ni mò ń tà ní ọjà Aràdà. Ẹ̀gbẹ́ kóńgò ni mo máa ń gbé fóònù sí. Bí mo bá ti ń wọn ọjà fún oníbàárà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tín, tín, tín, àwòrán òdòdó àti àdúrà àárọ̀ ni. Mi ò lè kúrò nínú gúrúùpù náà torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ẹni tí àjọ kàn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ má kúrò rárá, ẹ kàn pa ohùn rẹ̀ ni. Ẹ ṣí gúrúùpù náà lórí WhatsApp, ẹ tẹ àmì tóótó mẹ́ta tó tò lé ara wọn lókè lápá ọ̀tún, ẹ ó rí "Mute notifications" níbẹ̀. Yóò bi yín pé títí di ìgbà wo: wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ 1, tàbí títí lọ, èyí tí wọ́n kọ "Always" sí. Tó bá jẹ́ iPhone ni, orúkọ gúrúùpù tó wà lókè ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ á ṣì máa wọlé, ẹ ó bá a níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, àmọ́ fóònù ò ní dún, kò sì ní gbọ̀n.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù tó máa mọ̀ pé ẹ pa ohùn rẹ̀. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí gan-an, torí púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ló ń fara da ariwo láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n rò pé bí àwọn bá fọwọ́ kan nǹkan, orúkọ àwọn á jáde síta, wọ́n á sì máa sọ pé Ìyá báyìí ti ń bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwà àfojúdi kankan nínú ká pa ohùn gúrúùpù.

Ní ti àjọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń gba owó pé kó máa tẹ àmì @ kó tó yan orúkọ yín nígbà tó bá kàn yín. Ẹni tí wọ́n bá pè báyìí, fóònù rẹ̀ á jẹ́ kó mọ̀ bó tilẹ̀ ti pa ohùn gúrúùpù náà.

Mo ti pa á lánàá, ó tún ń dún lónìí.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wákàtí 8 ni ẹ yàn, ó sì ti pé. Èyí ló pọ̀ jù. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan fi @ pè yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tún máa ń bá pàdé ni pé gúrúùpù tó ń dún kọ́ lẹ pa. Àwọn kan náà á dá gúrúùpù kan sílẹ̀, wọ́n á tún dá òmíràn fún aṣọ ẹbí, wọ́n á dá ti ìgbìmọ̀ ayẹyẹ, orúkọ wọn á sì fẹ́ẹ̀ jọra tán. Nígbà tó bá tún dún, ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, kí ẹ wo orúkọ tó gbé jáde. Èyí tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ lọ pa ohùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, LAUTECH ni mo wà, Under G ni mò ń gbé. Mo ti mute gúrúùpù dẹpamẹ́ǹtì wa àti ti họ́sítẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ dátà mi kì í pẹ́, fóònù sì ń sọ pé àyè ti kún. Ṣé kí n kúkú jáde?

Àbúrò, má jáde nínú ti dẹpamẹ́ǹtì. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí gbọ̀ngàn ìdánwò padà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ibẹ̀ ni wọn yóò kọ ọ́ sí.

Mute kò dá dátà dúró. Ohùn nìkan ló ń pa. Fídíò àti fọ́tò ṣì ń wọlé sórí fóònù rẹ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn wọ́n, òun ló ń jẹ dátà, òun náà ló ń gba àyè. Wọ inú Settings lórí WhatsApp, wọ "Storage and data", wá ibi tí wọ́n kọ "When using mobile data" sí lábẹ́ "Media auto-download". Tẹ̀ ẹ́, kí o sì yọ àmì tó wà níwájú fọ́tò, ohùn, fídíò àti fáìlì kúrò. Láti ìsinsìnyí lọ, bí o bá ń lo dátà, àwòrán á wọlé bí ohun tó ṣú, kò ní já sórí fóònù àfi tí ìwọ fúnra rẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n gbà sílẹ̀, ìyẹn voice note, kò sí nínú èyí o, ńṣe ló máa ń já sórí fóònù fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò wúwo tó fídíò.

Tí o kò bá fẹ́ kí fọ́tò gúrúùpù dà pọ̀ mọ́ fọ́tò tìrẹ nínú Gallery, tẹ orúkọ gúrúùpù náà, lọ sí "Media visibility", kí o yan "No". Ó wà lórí Android. Lẹ́yìn náà, fara balẹ̀ pa àwọn fídíò àtijọ́ rẹ́: "Manage storage" tó wà nínú "Storage and data" kan náà máa fi gúrúùpù tó gba àyè jù hàn ọ́, èyí tó tóbi jù á wà lókè.

Mo sì fẹ́ kí o bá kọ́ọ̀sì réèpù yín, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú yín, sọ̀rọ̀. Ádímìn, ìyẹn ẹni tó ń ṣàkóso gúrúùpù, lè ṣe gúrúùpù kan tó jẹ́ pé àwọn ádímìn nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Kí wọ́n máa fi ìkéde síbẹ̀, kí àwàdà àti àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù wà ní èkejì. Ó ń dùn mí tí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yí ojú fóònù sókè sódò láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwàdà, tó ń wá ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n fi sọ aago ìdánwò.

Gúrúùpù ọmọ ilé wa ni. Àwọn tó wà ní Jọ́ọ̀sì, àwọn tó wà ní Gánà, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀, èébú ni wọ́n ń bú ara wọn lójoojúmọ́. Mo fẹ́ rọra kúrò kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹ kú ìfaradà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni WhatsApp ti yí i padà: bí ènìyàn bá kúrò, kò kéde rẹ̀ fún gbogbo gúrúùpù mọ́, ádímìn nìkan ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè tẹ orúkọ gúrúùpù, kó lọ sí ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, yóò rí àwọn tó ti kúrò láàárín ọjọ́ 60. Nítorí náà, kò fi bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Bí ádímìn bá sì tún jẹ́ àǹtí yín, kí ilẹ̀ tó ṣú, Jọ́ọ̀sì á ti gbọ́.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má kúrò nínú gúrúùpù ọmọ ilé láìbá àgbà kan sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń túfọ̀ òkú báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá owó ìtọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá jáde nígbà ìjà ilẹ̀, apá kan á ní ó ti ṣe tèkejì, èkejì náà á ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tó bá gbé irú rẹ̀ wá ni pé mo ń gbé gúrúùpù náà kúrò lójú. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ibi tí ọ̀rọ̀ gbogbo tò sí, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò. Ẹ ó rí àmì àpótí tó ní ọfà tó dojú kọ ilẹ̀ lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ti wọ "Archived" nìyẹn. Ẹ wá lọ sí Settings, "Chats", kí ẹ rí i pé "Keep chats archived" wà ní títàn. Tí kò bá tàn, bí ẹnì kan bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan péré, gúrúùpù náà á tún jáde sókè. Bí ó bá ti tàn, èébú ò ní kàn yín lójú mọ́. Ọjọ́ tí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹ wọ inú Archived kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kúrò náà ni, ẹ pe àgbà tí ẹ bọ̀wọ̀ fún jù nínú ilé lórí fóònù, ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kó pè yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ gúrúùpù, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ "Exit group". Ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá á ṣì wà lórí fóònù yín títí ẹ ó fi pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ádímìn, ẹ kọ́kọ́ fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ WhatsApp fúnra rẹ̀ á mú ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an ló máa mú.

Mo kúrò, wọ́n tún fà mí wọlé.

Settings, "Privacy", "Groups". Ẹ yan "My contacts except…", kí ẹ sì fi àmì sí orúkọ àwọn tó ń fà yín. Wọn ò ní lè fi yín síbẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ ò bá dáhùn, ọjọ́ 3 ni ìpè náà ní.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ mi ní Houston ló fi iPhone ránṣẹ́ sí mi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi mí sínú ìtàkùrọ̀sọ kan tí kì í ṣe WhatsApp. Òru ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Mo rí "Leave this Conversation" ṣùgbọ́n kò gbọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan, sà. Inú Messages ti Apple nìyẹn wà. Kí wọ́n tó lè jẹ́ kí ènìyàn jáde níbẹ̀, ó kéré tán ẹni mẹ́ta mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí yín, kí gbogbo wọn sì máa lo iMessage, ìyẹn ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti Apple fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá ń lo Android, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe iMessage mọ́, ọ̀nà àbájáde náà á sì kú. Ẹ tẹ orúkọ tàbí àwòrán wọn tó wà lókè, kí ẹ tan "Hide Alerts". Àmì agogo tí wọ́n fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ lè sùn.

Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀, sà. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń dé láti ibi iṣẹ́ ní Houston, aago 12 òru ló jẹ́ níbí, nígbà òtútù wọn ó tún di aago 1. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó dá ìtàkùrọ̀sọ tuntun tí ẹ kò sí nínú rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń lo Messages ti Google lórí Android, bákan náà ni: tí gbogbo yín bá wà lórí RCS, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ ìgbàlódé tó ń gba orí dátà lọ, ẹ ó rí "Leave group". Tó bá jẹ́ MMS, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ tó ń gbé àwòrán, pípa ohùn nìkan ló kù.

Tèmi kì í ṣe gúrúùpù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ orin àti tẹ́tẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló pa á láṣẹ. Tó bá jẹ́ irú ìpolówó kan péré lẹ fẹ́ dá dúró, HELP ni kí ẹ kọ, wọ́n á fi ohun tí ẹ lè yàn ránṣẹ́. Bí fóònù yín bá gba síìmù méjì, ẹ ṣe é láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí síìmù tí ẹ bá fi ránṣẹ́ nìkan ló máa ṣiṣẹ́ fún.