Òdòdó oko ní ilẹ̀ Òkun: bí ẹ ṣe lè bá a kí ó tó rẹ̀ dànù

Ní oṣù kẹta ọdún kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin wa ọkọ̀ láti Lọ́kọ́jà wá sọ́dọ̀ mi nítorí òdòdó kọfí. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé, torí ọjọ́ náà ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Òdòdó náà ti là láti ọjọ́ Túsìdeè. Nígbà tí a dé abẹ́ igi, ewé tútù la bá, àti àwọn nǹkan bíńtín tó ti gbẹ mọ́ ẹ̀ka bí ìdọ̀tí tí wọ́n fọ̀ tí kò lọ. Wọn ò bínú, wọ́n tiẹ̀ ra oyin. Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an, torí èmi mọ ohun tí ojú wọn ò rí.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ mú ọjọ́ kó tó pè mí. Òjò ni mo ń wò. Oyin ni mo ń sìn nítòsí Kabba níbí, ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ẹni tó bá sì ń sin oyin gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí igi kọ̀ọ̀kan ń tanná, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn kòkòrò rẹ̀ wà. Àwọn tó ń ti Lọ́kọ́jà wá, àti àwọn ọmọ wa tó ń ti Abuja àti Ìlọrin bọ̀ wálé, a máa bi mí pé, “Màmá Olóyin, ìgbà wo ni ká wá wo òdòdó?” Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ni mo fẹ́ júwe. Oko ni. Òdòdó tí ẹ fẹ́ wò ni ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ kórè, kò tíì dàgbà ni. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ìyókù á rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kọfí, torí òun ló wù mí jù, òun náà ló sì ń yára lọ jù. Bàbá mi gbin kọfí nígbà tí kọfí Kabba àti Ìjùmú ṣì ń mú owó gidi wálé. Nígbà tó yá tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gé tiwọn, wọ́n fi ẹ̀gẹ́ àti kajú rọ́pò rẹ̀. Tiwa ṣẹ́ kù díẹ̀, n ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kàn án.

Ìrudi kọfí máa ń wà lórí ẹ̀ka nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á le koko, kò ní tóbi, kò ní là. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń jí i. Kì í ṣe òjò tó kàn wọ́n omi sí eruku o. Èyí tó rọ̀ tó wọnú ilẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, ó lè rọ̀ ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Tí ẹ bá ní ẹbí ní Kabba, ẹ pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ bi í bóyá omi sàn nínú gọ́tà. Bó bá ní omi sàn, ẹ fi báírò yí ọjọ́ náà ká lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ máa ka ọjọ́ bọ̀. Láàárín ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹwàá, òdòdó á là. Gbogbo igi ló sì ń là pọ̀, bí ẹni pé wọ́n ti jọ ṣe ìpàdé. Ọjọ́ méjì, bí ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó ti parí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹfà, ẹ ti ní àpò yín nílẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó wà lóko lọ wo ìrudi. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ sùn. Bó bá ti funfun, tó gùn jáde bí igi ìṣáná, ọ̀la ni yóò là, kí ẹ gbéra lálẹ́ tàbí ní ìdájí.

Aago méje àárọ̀ ló dára jù láti dé abẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ á ti pàdé yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó rí igi kankan. Ó jọ ti òdòdó ọsàn, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn òórùn ni ìró. Oyin á ti pọ̀ lórí igi débi pé ẹ ó rò pé ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀ sí òkèèrè. Ẹ wá sún mọ́ ẹ̀ka kan. Níbi tí ewé méjì ti kọjú síra, níbi oríkèé, ni òdòdó ti ṣù jọ, ó funfun láú, bí ẹni pé ẹnìkan fi òwú di oríkèé kọ̀ọ̀kan láti ìdí ẹ̀ka dé òkè. Ẹ yan òdòdó ẹyọ kan, kí ẹ wo ọpá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó lẹ̀ jáde láàárín rẹ̀ bí ahọ́n, àti eruku tó wà lára àwọn tó yí i ká. Eruku yẹn ni iṣẹ́ wà. Kọfí tiwa tí wọ́n ń pè ní robusta kò lè fi eruku ara rẹ̀ so. Igi mìíràn ló gbọ́dọ̀ fún un, afẹ́fẹ́ àti oyin ló sì ń gbé e kiri. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àlejò pé kí wọ́n má gbọn ẹ̀ka nítorí fọ́tò, kí wọ́n má sì fín lọ́fínńdà wá. Oṣù mẹ́wàá sí mọ́kànlá ni òdòdó tó so ní òwúrọ̀ yẹn yóò fi wà lórí igi kí èso rẹ̀ tó pọ́n.

Kajú rọrùn jù ú lọ láti bá, torí kì í tán lọ́jọ́ mẹ́ta. Láti oṣù kejìlá títí wọ inú oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ ó máa rí i lẹ́bàá ọ̀nà láti Lọ́kọ́jà títí wọ Yàgbà. Ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn ibi tí kajú pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Láti inú ọkọ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan tó jọ yín lójú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun díẹ̀, ilà pupa wà lára rẹ̀, bó bá sì dàgbà, gbogbo rẹ̀ á pọ́n. Orí ṣùṣù kan ṣoṣo lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó, síbẹ̀ èyí tó máa di kajú nínú wọn lè má pé mẹ́wàá.

Ọmọbìnrin kan tó bá mi lọ wo oko kan ṣẹ́ irú ṣùṣù bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ fi há irun. Bàbá tó ni oko ò pariwo mọ́ ọn. Ó gba ṣùṣù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi èékánná yà á, ó fi àwọn kéékèèké tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í so hàn án: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ní, “Ìwé ọmọ-ọmọ mi nìyí o, ọmọ mi.” Ọmọ náà kúnlẹ̀. N kì í tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ẹni tí mo bá mú lọ mọ́, ọwọ́ àlejò ni mo máa ń wò títí a ó fi jáde.

Lóko kajú, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fín oògùn kòkòrò láìpẹ́. Bí wọ́n bá fín in lánàá, ẹ má wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan ewé. (Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fín in, nígbà tí oyin ti wọlé.) Ìkejì ni iná. Koríko ti gbẹ nígbà yẹn, àwọn àgbẹ̀ á ti ro ẹ̀gbẹ́ oko yíká kí iná ìgbẹ́ má bàa ráyè wọlé. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Láàárín àkókò yìí kan náà, bí ẹ bá rí igi gíga kan lókèèrè tí kò ní ewé kankan, tó pọ́n láti orí délẹ̀, pónpólà ni. Ẹ dúró wò ó. Òdòdó rẹ̀ máa ń já sílẹ̀ lódidi, ó sì nípọn bí awọ lọ́wọ́.

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, yànmọ̀tí ló kàn. Àárọ̀ ni tiẹ̀ pátápátá. Òdòdó rẹ̀ rí bí agogo kékeré, ó funfun pẹ̀lú àwọ̀ èsè àlùkò díẹ̀díẹ̀. Ó ń là ní ìdájí, ó sì ń já sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń tanná lọ sókè, nítorí náà ẹ ó rí igi kan ṣoṣo tí èso wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí òdòdó wà láàárín, tí ìrudi wà lórí. Oko òwú ò pọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀kan ní apá Bùnú, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì bó bá ṣeé ṣe: òdòdó tó funfun bí wàrà lónìí á ti pọ́n lọ́la. Àwọn ará Bùnú, tí wọ́n mọ̀ fún aṣọ ìpò pupa tí wọ́n máa ń hun tẹ́lẹ̀ láti fi ṣẹ̀yẹ fún òkú olóyè, òwú kì í ṣe ohun kékeré lójú wọn, ẹ bu ọlá fún un bí ẹ bá débẹ̀. Ní ti àwọn òdòdó òfeefèé ńlá tó ń bo ẹ̀bá títì láti oṣù kẹwàá lọ, tí ewé wọn korò bí jogbo, Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti wá, wọn ò ní olówó, ẹ já iye tó bá wù yín.

Ẹni tí kò bá ní ju ìdajì ọjọ́ lọ, kó má kúrò ní Lọ́kọ́jà rárá. Kó gun Òkè Pàtì, níbi tí ilé ìsinmi Lugard wà, kó wo bí odò Ọya àti Bénúé ṣe pàdé.

Bí ẹ ṣe máa wọ oko olóko rèé. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ìlú náà. Ẹ má dá wọ igbó. Bí ẹ bá dé, “Òkun o” ni ẹ fi kí wọn, kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ọkùnrin yín á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, obìnrin yín á kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò á wá tẹ̀ lé e. Ẹ mú búrẹ́dì láti Lọ́kọ́jà dání. Ẹ má fi owó ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa nà sí wọn. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ ra nǹkan tí wọ́n bá ní: kajú yíyan, irú, iṣu, oyin. Wọn ò ní gbàgbé ojú yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ nítorí ejò, àti aṣọ tó mọ́lẹ̀, torí oyin kì í fẹ́ aṣọ dúdú. Bí ọ̀kan bá ń kùn yí yín ká, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má gbá a. Bí wọ́n bá gbógun tì yín, ẹ fi aṣọ bo ojú, kí ẹ sáré tààrà wọnú ọkọ̀ tàbí ilé, ẹ má sá wọ odò. Oró tó bá wọ ara, ẹ fi èékánná ha á kúrò kíá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe ohun tí mo lè fi pamọ́. Ìjínigbé ti ba ọ̀nà wa jẹ́ láwọn ibì kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáráàjì bí ọ̀nà Ọbajáná, tó wá láti Lọ́kọ́jà sí Kabba, ṣe rí, bí wọ́n bá sì ní ẹ má lọ, ẹ gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ẹ kúrò lóko ní aago méjì, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà.

Igi irú ni mo fi sẹ́yìn, torí ẹni tó fẹ́ rí òdòdó rẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn nílùú. Alẹ́ ló ń là, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àdán ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí oyin ń ṣe fún kọfí. Ẹ yan igi tó wà létí ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn èèyàn, kí ẹ jókòó sórí àpótí tàbí àga tí wọ́n bá gbé fún yín. Ní ọ̀sán, ẹ ó ti rí i: bọ́ọ̀lù pupa roboto, ọ̀kọ̀ọ̀kan so rọ̀ lórí okùn gígùn. Bí oòrùn bá wọ̀, òórùn á yí padà, omi dídùn á kún orí bọ́ọ̀lù náà, àdán á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ kọjá lórí yín. Ẹ má tan iná fóònù sí wọn. Tí ojú bá mọ́, ẹ tún padà sábẹ́ igi. Àwọn bọ́ọ̀lù tó ti já sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé á máa ṣà, wọ́n á máa lá èyí tó kù nínú omi dídùn náà kí wọ́n tó lọ síléèwé. Bí wọ́n bá fún yín ní ọ̀kan, ẹ gbà á, kí ẹ lá a.