Kí omi tó wọlé: ìtọ́sọ́nà fún àwa tí a ń gbé tàbí dáko lẹ́bàá omi ní Àbújá àti Lọ́kọ́jà

Omi méjì ló ń dà wá láàmú, ìwà wọn ò sì jọra. Omi odò ńlá ń rọra bọ̀. Òjò lè rọ̀ lókè Odò Ọya, tàbí kí wọ́n ṣí dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù sínú Odò Bẹ́núé, ọjọ́ mélòó kan á sì kọjá kí omi tó dé Lọ́kọ́jà. Ẹni tó rin ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá lọ́dún 2022 mọ bí omi ṣe dí i pa. Àgbàrá kì í fúnni láàyè bẹ́ẹ̀. Ní Lugbe, odò kékeré tí ẹ fò kọjá láàárọ̀ lè wọ pálọ̀ yín kí ọbẹ̀ tó jinná.

Fún odò ńlá, fóònù wúlò gan-an. Ẹ ṣí Flood Hub ti Google, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wá odò tó súnmọ́ oko yín. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò òjò, ó sì lè sọ bí odò yóò ṣe rí títí dé ọjọ́ méje síwájú. Ọjọ́ méje tó láti wa iṣu, ká ìrẹsì tó ti gbó, kí a sì da ewúrẹ́ lọ sí orí òkè. NIHSA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ omi, náà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún. Bí ìjọba ìbílẹ̀ yín bá wà nínú rẹ̀, ohun tó tètè gbó ni kí ẹ gbìn sí akùrọ̀.

Fún àgbàrá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Bí òjò bá ti ń dà wìì lókè, ìkìlọ̀ ti dé nìyẹn. Ẹ cháàjì fóònù àti tọ́ọ̀ṣì kí ilẹ̀ tó ṣú, torí iná ìjọba kì í dúró de ìjì. Ẹ di ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sókè. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tó bá tó 60, ó lè gbé ọkọ̀. Awakọ̀ tó ní òun mọ ọ̀nà, ọ̀nà ló mọ̀, kò mọ omi.

Ẹ pe 112 bó bá di wàhálà. Kì í gba owó. Ẹ dárúkọ ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé epo tó wà nítòsí. “Ẹ̀yìn ilé wa” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìyá àgbà tí fóònù rẹ̀ kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ẹnìkan tí yóò máa kanlẹ̀kùn, tó sì gbọ́ Haúsá, torí aládùúgbò wa kì í ṣe Yorùbá nìkan. Kó má jẹ́ ẹni tó ń sùn fọnfọn. Ẹ yan igbákejì rẹ̀ pẹ̀lú, torí òun náà á máa lọ sílé lọ ṣọdún.