Bí A Ṣe Ń Ran Ọmọ Lọ́wọ́ Nínú Iṣẹ́ Àṣetiléwá Ẹ́ríà, Fọ́lúùmù àti Yíyí Ìwọ̀n Padà

Ọmọ JSS 2 kan ládùúgbò wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, gbé ìwé wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìbéèrè ni pé yàrá kan gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, táìlì mélòó ni yóò bo ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ táìlì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40? Ọmọ ti ṣe é tán. Ohun tó kọ ni 0.9. Táìlì kan ṣoṣo kò tíì pé, yàrá odidi ti kún! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a ṣe é, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ ló tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti yí mítà padà sí sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ti ṣìnà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń rí òbí, ẹ̀gbọ́n àti tíṣà lẹ́sìnnì tó ń ṣìnà, láti ìgbà tí mo ti ń jókòó ti ọmọ àdúgbò nírọ̀lẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun. Ẹ wá pẹ́ńsùlù, ìwé tí ẹ lè ya, àlùmọ́gàjí, ṣọ́ọ̀kì, páálí líle kan, àti téèpù. Téèpù télọ̀ ni mo fẹ́ràn ju rúlà lọ. Kò wọ́n, ẹ óò rí i rà lọ́jà, íǹṣì sì wà lójú kan, sẹ̀ǹtímítà wà lójú kejì. Ọmọ tó bá ti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́ ara rẹ̀, tó rí i pé íǹṣì 1 kọjá sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ díẹ̀, kò ní gbàgbé 2.54 mọ́.

Kí ọmọ ka ìbéèrè sókè, kó sì ya àwòrán rẹ̀, bó ti wù kó rí. Nọ́ńbà kankan kò gbọdọ̀ wà lórí àwòrán yẹn láìní ìwọ̀n tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe 4, mítà 4 ni. Lọ́dọ̀ tèmi, nọ́ńbà tí kò bá ní ìwọ̀n, mo máa ń ní kí ọmọ pa á rẹ́ kó tún un kọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má tíì dárúkọ fọ́múlà kankan. Ẹ bi í léèrè: kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀, ohun tó yí i ká ni, àbí ohun tó bò ó, àbí ohun tó kún inú rẹ̀? Ọgbà tí a fi wáyà sí, yíyíká ni. Táìlì, ẹní, ọ̀dà ara ògiri, bíbò ni, ẹ́ríà nìyẹn. Omi inú tánkì, yanrìn inú ọkọ̀, kíkún ni, fọ́lúùmù nìyẹn. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí kó tó wọ iléèwé, ẹ jẹ́ kó lò ó.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí o. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé mítà 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ mítà 4 di púpọ̀ ní ọ̀nà 3.6, tí wọ́n rí 14.4 m² (mítà níbùú-lóròó), wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 100, wọ́n á ní 1,440 cm². Ohun tí ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn ṣe nìyẹn. Táìlì kan jẹ́ 40 × 40, ìyẹn 1,600 cm². Tí a bá fi 1,600 pín 1,440, 0.9 ló máa jáde lóòótọ́. Àmọ́ 1 m² kì í ṣe 100 cm². 10,000 cm² ni.

Ẹ má kàn sọ ọ́ fún ọmọ kó kọ́ ọ sórí. Mo ti rí ọmọ tó ka 10,000 yẹn bí ewì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó tún kọ 100 lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ẹ jẹ́ kó fojú rí i. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí kan sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 géérégé. Ẹ gé ìwé tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, 10 ní òró. Mẹ́wàá tó fún iṣẹ́ yìí, ẹ má gé 100. Kí ọmọ tò wọ́n sí etí àpótí láti igun kan dé ìkejì. Ọmọbìnrin kan tí mo fún ṣe báyìí kúnlẹ̀, ó ń tò ó lọ, ó tẹ́ ìwé kẹwàá, ó gbójú sókè wo gbogbo àyè tó ṣì ṣófo níwájú rẹ̀, ó ní, “Háà! Màmá, ó ṣì ku ìlà mẹ́sàn-án irú èyí!” Mo dákẹ́. Ó ní, “Ọgọ́rùn-ún ìwé nìyẹn.” Mo ní kó fa ìlà sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan sórí ẹyọ ìwé kan. Ó fà á, ó ka àpótí kéékèèké 100 lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ẹgbàárùn-ún jáde lẹ́nu. N kò tún bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Láti ibí ni mo ti mú òfin tí mo fi ń kọ́ gbogbo wọn: ẹ yí ìwọ̀n padà kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ má dúró di ẹ̀yìn. Mítà 4 di sẹ̀ǹtímítà 400, mítà 3.6 di 360. Fi 40 pín 400, ìlà kan gba táìlì 10. Fi 40 pín 360, ìlà jẹ́ 9. Táìlì 90. Ọ̀nà àbùjá nìyí, ìgbà tí ó bá pín déédéé nìkan ló sì dára. Bí tíṣà bá fẹ́ rí ẹ́ríà nínú iṣẹ́ náà, 400 × 360 jẹ́ 144,000 cm², ẹ fi 1,600 pín in, 90 náà ni.

Ẹsẹ̀ bàtà ló tún burú jù, nítorí òun la fi ń wọn ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 1 jẹ́ mítà 0.3048. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, jẹ́ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó. Ẹni tó bá wá mú 0.3048 sọ 5,000 di púpọ̀ yóò rí 1,524, yóò sì pè é ní m². Irọ́ gbáà ni! Yí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan padà ná: mítà 15.24 àti mítà 30.48. Sọ wọ́n di púpọ̀, 464.5 m² ni. Ìṣirò àkọ́kọ́ ti sọ ilẹ̀ náà di ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ní ti aṣọ, ìlú aró la wà, kò sí ọmọ tí kò rí ẹni tó ń ṣe àdìrẹ rí. Aṣọ ọ̀pá 5 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 45, kí ni ẹ́ríà rẹ̀? Ọmọ á sáré kọ 225. 225 kí ni? Kì í ṣe ọ̀pá, kì í ṣe íǹṣì. Íǹṣì 36 ló wà nínú ọ̀pá 1, nítorí náà 45 jẹ́ ọ̀pá 1.25, 5 × 1.25 sì jẹ́ 6.25 ọ̀pá níbùú-lóròó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹ lè sọ gbogbo rẹ̀ di íǹṣì, 180 × 45, 8,100, ẹ fi 1,296, ìyẹn 36 × 36, pín in, 6.25 náà ni.

Ní ti fọ́lúùmù, ẹ fi páálí ṣe àpótí tí kò ní ìdérí, kí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, ní òró àti ní gíga. Ẹ lẹ etí rẹ̀ dáadáa, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí i nínú, ẹ gbé e sínú abọ́ ńlá kí omi má bàa ṣòfò, kí ẹnì kan sì fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kó má wú. Ẹ da píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára sínú rẹ̀. Yóò kún, tàbí kó ku díẹ̀. Lítà 1 nìyẹn, 10 × 10 × 10, ìyẹn 1,000 cm³ (sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, òró àti gíga). Àpótí yìí 10 níbùú, 10 lóròó, 10 sókè ló máa wọ inú 1 m³, nítorí náà 1 m³ jẹ́ lítà 1,000.

Fọ́múlà fúnra rẹ̀ kò le, ó wà nínú ìwé wọn. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ tó bá jẹ́ ohun roboto: rédíọ́ọ̀sì ni láti àárín dé etí, dàyámítà ni láti etí dé etí. Kànga roboto tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 1.4 láti etí dé etí, tí omi inú rẹ̀ ga ní mítà 2: ìdajì 1.4 ni 0.7. Páì (22/7) × rédíọ́ọ̀sì × rédíọ́ọ̀sì × gíga, ìyẹn 22/7 × 0.7 × 0.7 × 2, jẹ́ 3.08 m³, ìyẹn lítà 3,080. Ẹni tó lo 1.4 yóò rí 12.32, ìlọ́po mẹ́rin. Fún páì, 22/7 ni mo máa ń lò tí 7 bá lè pín nọ́ńbà náà, bí kò bá lè pín in, 3.142.

Kí ọmọ wá fi ìdáhùn wé ohun tó mọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni wọ́n fi ń pọn omi nílé. Lítà 3,080 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 123 pẹ̀lú díẹ̀. Ṣé kànga lè gba ìyẹn? Ó lè gbà á. Tó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló jáde, ẹ padà síbi ìwọ̀n.

Fóònù tó ń ya fọ́tò ìbéèrè tó sì ń dáhùn ti wọ́pọ̀. N kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde àfi tí ọmọ bá ti kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá mọ ọ̀nà, ẹ mú ọmọ lọ bá bíríkìlà tàbí télọ̀ àdúgbò, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní kí wọ́n fi hàn án bí wọ́n ṣe ń mọ iye búlọ́ọ̀kù tàbí ọ̀pá aṣọ tí iṣẹ́ yóò gbà. Ìṣirò yìí ni wọ́n ń ṣe jẹun.

Tó bá sì ti ṣú, tí kò tíì yé e, ẹ má bá a parí rẹ̀. Kó fi àwòrán àti àwọn nọ́ńbà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kó fi pẹ́ńsùlù yí ìlà tó ti há sí ká, kó kọ “ibí ni kò yé mi” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì gbé e fún tíṣà rẹ̀ láàárọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.