Ìlà pulọ́ọ̀tì tí odò gbà lọ́wọ́ wa

Owó pulọ́ọ̀tì méje ni agboolé wa dá padà fún àwọn tó ti san àsansílẹ̀. Èmi tí wọ́n ní kí n máa sáré kiri lórí ìwé àṣẹ tí ìjọba máa fún wa láti gé ilẹ̀ ẹbí sí pulọ́ọ̀tì ni wọ́n sì ń bú.

Ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ dáàmù Asà ni ilẹ̀ náà wà. Omi tí Ìlọrin ń mu nìyẹn, ìjọba kò sì fẹ́ kí ilé àti ṣáláńgá sún mọ́ ọn. Ìyẹn kò bí mi nínú. Àwọn àgbà kan ń pariwo pé ilẹ̀ baba wa ni, kí ni ti ìjọba níbẹ̀? Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà, ẹ jẹ́ ká yé tan ara wa. Ìbuwọ́lù Mágàjí tó jẹ́ olórí agboolé, owó fọ́ọ̀mù, ìyẹn kò le.

Àlàfo tí a ó fi sílẹ̀ fún odò ló dá wàhálà sílẹ̀. Inú ọyẹ́ ni sọ́fíyọ̀ wa débẹ̀, nígbà tí ọmọdé lè fo omi náà kọjá, etí omi ọjọ́ yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní àṣẹ náà wá yẹ ilẹ̀ wò, igi kan ló nawọ́ sí. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti pàǹtí gbígbẹ há sí ẹ̀ka rẹ̀, ó ga dé èjìká mi. Ó ní, "Alàájì, ta ló gbé ìyẹn síbẹ̀?" Ibi tí omi ń kún dé ni wọ́n ti ń wọn, kì í ṣe ibi tó sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí pulọ́ọ̀tì méje ṣe bọ́ sínú àlàfo odò nìyẹn.

Mo rò pé ká tún àwòrán ilẹ̀ náà yà ló kù. Rárá o! Wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó omi, pé àlàfo náà tó. Àwọn yẹn ní àwọn kì í kọ̀wé fún ẹlẹ́bí, àfi kí ọ́fíìsì tó rán mi kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn. Mo padà, akọ̀wé ní ọ̀gá kò sí nílé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá mi síwá sẹ́yìn bíi bọ́ọ̀lù, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ tó sì dá. Lọ́jọ́ kan wọ́n tilẹ̀ ní àwọn kò rí fáìlì wa mọ́. Èmi fúnra mi ni mo rí i, láàárín àwọn tí wọ́n fi ti fèrèsé tí kò ní ìkọ́!

Mo bá tẹ lẹ́tà lórúkọ ẹbí, mo so àwòrán tuntun mọ́ ọn, mo gbé e lọ síbi méjèèjì. N kò kúrò níwájú tábìlì wọn àfi ìgbà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà ọwọ́ mi. Ta ló tún fẹ́ sọ pé òun kò rí i? Lẹ́tà jáde, àṣẹ tẹ̀lé e. Nínú agboolé wa, èmi nìkan ló lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹni tó bá ní irú ilẹ̀ yìí, kó bi àwọn ará abúlé ibẹ̀ pé níbo ni omi ń dé lóṣù kẹsàn-án, kí sọ́fíyọ̀ tó gbé irinṣẹ́ kalẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí ẹbí gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí àṣẹ tó jáde.

Ní ti àwòrán kejì, owó kíkún ni sọ́fíyọ̀ yẹn gbà lórí rẹ̀. A ṣì ń fà á.