Àwọn àṣìṣe tí àwa ańtí nọ́sìrì máa ń ṣe ní circle time

Tí circle time, ìyẹn àsìkò tí gbogbo ọmọ kíláàsì jọ máa ń jókòó sórí ẹní láti kọrin, láti gbọ́ àlọ́ àti láti dáhùn ìbéèrè, bá ti dàrú, àwọn ọmọ la máa ń dá lẹ́bi. Wọn ò gbọ́ràn, orí wọn le, lágbájá ò lè fìdí mọ́lẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì kí n tó rí i pé mo kàn ń jẹ́ kí wọ́n dúró jù ni. Ọmọ ọdún 3 tí ò bá rí nǹkan ṣe á wá nǹkan ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lára irun ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀ ló sì sún mọ́ ọn jù.

Ẹ má pe ọmọ wá sórí ẹní nígbà tẹ́ ẹ ò tíì múra tán. Mo ti kó ọmọ 22 jókòó rí, mo ti ní "Àlọ́ o!", wọ́n ti ní "Ààlọ̀!", gbogbo ojú wà lára mi, ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé àwòrán Ìjàpá tí mo yà sórí páálí ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn kíláàsì. Kí n tó tú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tán, ẹnì kan ti ṣí fúláásìkì oúnjẹ, ìrẹsì ti wà lórí ẹní, ìlẹ̀kẹ̀ ti ń yí gbirigbiri nílẹ̀, àwọn méjì ń jà sí ẹyọ kan, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "finger on your lips!" (Àṣìṣe nìyẹn náà o, ọmọ tó fi ìka bo ẹnu, ìka yẹn ló ń ṣọ́, kò gbọ́ nǹkan kan.) Ní báyìí gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ lò ti máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, mi ò sì dúró de ẹni tó kẹ́yìn mọ́, tí ọmọ méjì péré bá ti jókòó, orin ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó kù á sáré wá bá wa.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti ọ̀kan-ọ̀kan. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde wá síwájú bọ́ọ̀dù, kó sọ pé òní ni Mọ́ńdè, òòrùn ń ràn, kó padà lọ jókòó. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní ìdajì ìṣẹ́jú lẹnì kan ń lò, àwọn 22 á gba ìṣẹ́jú 11, ọmọ kan á sọ̀rọ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, á wá jókòó lásán fún ìṣẹ́jú 10 àti ààbọ̀. Àgbà wo ló lè ṣe é? Ṣebí fóònù làwa gan-an máa ń tẹ̀ ní mítìnì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jọ fi ara dáhùn: ẹni tó bá rò pé òjò máa rọ̀ kó dìde, ẹni tó bá ní kò ní rọ̀ kó gbé ọwọ́ lérí. Tó bá jẹ́ nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni, bí ìkarahun ìgbín, ẹ pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí ańtí kejì bá yín mú díẹ̀.

Ibi tó sì yẹ ká dúró gan-an, a kì í dúró. A ó béèrè, a ò ní mí, a ó ti dáhùn ẹ̀ fúnra wa, tàbí ká tún gbà á lẹ́nu ọmọ kan náà tó ń nawọ́ lójoojúmọ́. Ẹ ka 1 dé 5 nínú yín ná. Ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá fún nílé, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, á wá ìdáhùn, á tún wá Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi sọ ọ́. Mo ti kọ "kì í sọ̀rọ̀" sínú ìwé ọmọkùnrin kan rí, lọ́jọ́ kan mo bi í ní Yorùbá pé kí ló dé tí igbá ẹ̀yìn Ìjàpá fi sán, ó ní ó já bọ́ látọ̀run, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù ò tó. Mo lọ pa ohun tí mo kọ rẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níwèé ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ à ń fìyà jẹ ọmọ ọdún 4 lónìí torí pé ó ní "omi".

Tẹ́ ẹ bá ń pàlọ́, ẹ má yọ ègbè kúrò. Ègbè yẹn ni kì í jẹ́ kí ọmọ dúró lásán. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ̀ ń kà, ẹ kọ ojú ìwé sí wọn jàre, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ń wò. Ìṣẹ́jú 10 ti tó àwọn ọlọ́dún 3, ohun yòówù tí tàìmtébù ì báà kọ. Ọmọ tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má ní kó lọ dojú kọ ògiri, òun ni kẹ́ ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ fún kó máa bá yín mú nǹkan jáde.

Tẹ́ ẹ bá sì parí, ẹ má kàn ní "oya, ẹ lọ fọwọ́", kí 22 máa ti ara wọn nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹni tó wọ sọ́ọ̀sì funfun kọ́kọ́ dìde, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n di irun fún, àwọn tó kù ṣì ń kọrin lórí ẹní títí á fi kàn wọ́n.