Bí a ṣe fi ìwé àwìn gba gbèsè Ìyá Oníléèsì ní Kóòtù Gíga Èkó

Ẹjọ́ òwò ni mò ń ṣe jù nídìí iṣẹ́ lọ́yà mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó: gbèsè, àdéhùn tí ẹnìkan yẹ̀, ọjà tí wọ́n gbà tí wọn ò sanwó rẹ̀, àwọn alájọṣe tó tú ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹnu ni lọ́yà fi ń jẹun. Lóòótọ́, ẹnu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé ni ẹjọ́ òwò wà, ìwé ọ̀hún sì ti máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù oníbàárà tipẹ́ kó tó dé ọ́fíìsì mi. Ẹjọ́ kan tí mo ṣe parí fún ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, torí àwọn tó ń tajà láwìn ní Èkó pọ̀ ju àwọn tó mọ ohun tí kóòtù máa bi wọ́n lọ. Ìyá fún mi láyè láti sọ ọ́, mo sì yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà tọ́ka sí i.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn olóde pèsè aṣọ ẹbí ló jẹ ẹ́ lówó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kó léèsì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sanwó ìpín kìíní tán, wọ́n san díẹ̀ nínú ìpín kejì, wọn ò san kọ́bọ̀ lórí ìpín kẹta. Gbogbo ohun tó kù lé ní ₦17 mílíọ̀nù. "Ẹ ní sùúrù, Mà" ni wọ́n ń sọ títí wọn ò fi gbé fóònù mọ́.

Ohun méjì ni mo kọ́kọ́ wò. Èkíní ni ọjọ́ orí gbèsè náà. Lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 6 ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó lórí àdéhùn ní láti fi pẹjọ́. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, olùjẹ́jọ́ lè fi òfin yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ti Ìyá ò tíì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni iye owó. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kóòtù gbèsè kéékèèké lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ẹjọ́ lè parí láàárín 60 ọjọ́. Bí gbèsè yín ò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba ibẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ yín dé Kóòtù Gíga. Ti Ìyá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo wá ní kí wọ́n gbé ìwé wọn wá. Ìwé ńlá kan ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí etí rẹ̀ ti ká. Bíró búlúù ni Ìyá fi ń kọ ọjà tó jáde, bíró pupa ni wọ́n fi ń kọ owó tó wọlé. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, àwọ̀ léèsì, iye yáàdì, iye owó, lẹ́yìn náà àmì ọwọ́ dírẹ́bà tó wá kó o. Àbàwọ́n epo wà lójú ewé tí ìpín kẹta wà, ó sì ti mú kí yíǹkì ibì kan ṣú díẹ̀. Ìyá ní àwọn ti ra ìwé tuntun, pé ọmọ àwọn máa dà á kọ kó lè mọ́ lójú adájọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á kọ. Ẹ má nù ún. Bó ṣe wà yìí gan-an ni mo fẹ́ ẹ." Ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ọjà jáde ní iyì tí ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìjà ò lè ní láéláé.

Síbẹ̀, ìwé àwìn ò tó. Abala 51 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní kóòtù lè gba ìwé ìṣirò tí oníṣòwò ń kọ déédéé nídìí òwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé yẹn nìkan ò lè di gbèsè lé ẹnikẹ́ni lórí. Ibí yìí ni ẹjọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń kú. Wọ́n á gbé ìwé wọn lọ, wọ́n á ní "gbogbo ẹ̀ ló wà níbí," adájọ́ á sì béèrè pé kí ló tì í lẹ́yìn.

Nítorí náà, gbogbo ìlà tó wà nínú ìwé Ìyá ni a wá ẹlẹ́gbẹ́ fún. Àwọn ìwé waybill, ìyẹn ìwé tó ń bá ọjà rìn tó sọ ohun tí wọ́n kó, wà nínú àpò ọ̀rá kan lábẹ́ káńtà. Stétímẹ́ǹtì báńkì fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà ti sanwó ìpín kìíní àti díẹ̀ lára ìpín kejì, èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ Ìyá, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n ń ra aṣọ. Lẹ́yìn náà, mo ní kí ọmọ wọn obìnrin ṣí WhatsApp fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀, títí kan "ẹ kú ọdún" àti àwòrán àdúrà òwúrọ̀. Láàárín ìkíni méjì ni ọ̀rọ̀ tí mo ń wá wà.

Ohun tó bá ti ara fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde ní òfin tirẹ̀, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí kan náà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé déédéé ni ẹ ń lo ẹ̀rọ náà fún iṣẹ́ yẹn, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà, kí ẹni tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson pé àìmú àwọn ohun tí abala 84 béèrè ṣẹ lè mú kí wọ́n da ìwé náà nù. Àtúnṣe ọdún 2023 fẹ òfin náà lójú, ó sọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ ní tààrà, ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù yìí kúrò lórí ẹni tó mú ìwé wá. Ọmọ Ìyá ló ń lo fóònù náà, òun ló tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, nítorí náà òun ló fọwọ́ sí i. Yorùbá ni wọ́n fi kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà, a sì ní kí wọ́n túmọ̀ wọn ká tó kó wọn sílẹ̀.

Lẹ́tà ló ṣáájú. Ìlànà Kóòtù Gíga Èkó ti ọdún 2019 ò jẹ́ kí ẹ kàn sáré wọ kóòtù. Ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí ẹnìkejì, kí ẹ ti gbìyànjú àtiparí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí ìyẹn kún ìwé ìpẹ̀jọ́. A kọ̀wé. Wọn ò fèsì. Nígbà tí ẹjọ́ wọlé, a jókòó lọ́dọ̀ Lagos Multi-Door Courthouse, ibi ìlàjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù láti ọdún 2002. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Òwò púpọ̀ ni mo ti rí tó jàjàbọ́ níbẹ̀, tí oníbàárà àti onígbèsè sì tún jọ ń bá ara wọn tajà. Ti èyí ò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ní àwọn máa san ìdajì, wọn ò sì dá ọjọ́. Ìyá ní, "Lọ́yà mi, ẹ jẹ́ ká padà sí kóòtù." A béèrè pé kí adájọ́ dájọ́ kíákíá láìgbọ́ ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé aṣọ ń ṣí, adájọ́ sì ní kí wọ́n wá ro tẹnu wọn.

Ìwé ẹ̀rí Ìyá gba àkókò. Kóòtù ń fẹ́ kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀sùn, orúkọ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí búra lé, ẹ̀dà gbogbo ìwé. Ìyá ò gbọ́ òyìnbó débi tí wọ́n fi máa búra lé e, nítorí náà Yorùbá la fi kọ tiwọn, a túmọ̀ rẹ̀, a sì kó méjèèjì sílẹ̀. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ kọmíṣọ́nà ìbúra ní kóòtù, ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Àwọn lọ́yà kan máa ń jẹ́ kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì, kí ọmọ iṣẹ́ wá gbé e lọ fún òǹtẹ̀. Ewu ńlá ni. Ẹjọ́ ti bàjẹ́ lórí ìyẹn nìkan.

Gbogbo ìwé náà ni a ya ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan lọ́dọ̀ Ìyá. Ẹni tó bá rí Kóòtù Gíga Igbosere lẹ́yìn tí iná jó o ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ò ní fi fáìlì kan ṣoṣo sílẹ̀ mọ́.

Lọ́yà ò gbọdọ̀ kọ́ ẹlẹ́rìí ní ohun tó máa sọ, mi ò sì jẹ́ ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni bí kóòtù ṣe rí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ parí kí ẹ tó dáhùn. Ohun tí wọ́n bi yín ni kí ẹ dá lóhùn, ẹ má fi ìtàn kún un. Ohun tí ẹ ò bá rántí, ẹ ní ẹ ò rántí." Ìyá ń fẹ́ sọ gbogbo ìyà tó jẹ wọ́n. Kò rọrùn láti sọ fún àgbàlagbà tí wọ́n yàn jẹ pé kó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.

Ìbéèrè tí lọ́yà wọn fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Níbo lẹ ti fọwọ́ sí ìwé yìí?" Ìyá ní, "Ní kóòtù níbí, níwájú kọmíṣọ́nà ìbúra." Ó fò ó. Ó gbé ìwé àwìn sókè, ó ní wọ́n jókòó kọ ọ́ nítorí ẹjọ́ ni. Ìyá na ìka sí àbàwọ́n epo yẹn, wọ́n ní, "Epo mọ́ínmọ́ín tí mò ń jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó ọjà ni. Dírẹ́bà wọn ló fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yẹn." Adájọ́ ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó tẹjú mọ́ ojú ewé náà, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé tó mọ́ tónítóní kì bá tí lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tó kàn mí, máníjà tó ń ra aṣọ fún ilé iṣẹ́ náà ló wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ó ti búra pé ìpín kẹta ò dé ọ̀dọ̀ àwọn rárá, àti pé léèsì ìpín kejì ń ṣí. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn lọ́yà kéékèèké tó wà lọ́dọ̀ mi ni pé kí ìbéèrè kan gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ìwé tó máa dáhùn rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó la ẹnu. Adájọ́ wa ń fọwọ́ kọ̀wé, nítorí náà kálámù rẹ̀ ni mò ń wò. Tí kálámù bá dúró ni mo tó bi òmíràn. Exhibit F ni kóòtù pe àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ọmọ Ìyá tẹ̀ jáde. Òyìnbó la fi sọ ọ́ ní kóòtù, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí:

"Ẹ̀yin lẹ máa ń bá Ìyá sọ̀rọ̀ aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lórí fóònù?"

"Nígbà mìíràn."

"Nọ́ńbà tó wà lókè Exhibit F yìí, tiyín ni?"

Ó wo ìwé náà. Ó wo lọ́yà rẹ̀. "Tèmi ni."

"Ẹ bá kóòtù ka ìlà kẹrin."

Ó kà á: "Mà, aṣọ ti wọlé. Aláwọ̀ ewé yẹn, yáàdì 40 ló dín."

Mo ní kó ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Ìyá kọ ìpín kẹta sínú ìwé ni. Mo gbé waybill ìpín kìíní àti ìpín kejì lé e lọ́wọ́, mo ní kó wá léèsì aláwọ̀ ewé nínú wọn. Ó wá a. Ó ní kò sí.

Ó ku ìbéèrè kan: báwo ni yáàdì 40 ṣe dín lára aṣọ tí kò dé? Mi ò bi í. Bí mo bá bi í, ó máa wá àlàyé ṣe, adájọ́ á sì kọ àlàyé náà sílẹ̀. Àdírẹ́sì ìkẹyìn, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìparí tí lọ́yà ń bá adájọ́ sọ lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí bá ti tán, ni mo fi í pa mọ́ dè, níbi tí ẹlẹ́rìí ò ti lè fèsì mọ́.

Ti aṣọ tó ń ṣí ò pẹ́. Òfin ọjà títà ní Èkó ní ẹni tó bá gba ọjà tó sì fi í pamọ́ fún àkókò tó tó láìsọ pé òun kọ̀ ọ́, ó ti gbà á nìyẹn. "Ẹ gé aṣọ náà?" Wọ́n gé e. "Ẹ rán an?" Wọ́n rán an. "Ẹ gba owó lọ́wọ́ àwọn olóde?" Lọ́yà wọn dìde láti takò ó, adájọ́ ní kó dáhùn. Wọ́n gbà á. Ẹni tó ti ta aṣọ ò lè padà wá sọ pé òun ò fẹ́ aṣọ. Nítorí yáàdì 40 tó dín, èmi fúnra mi ni mo sọ fún adájọ́ pé ká yọ owó rẹ̀ kúrò nínú gbèsè. Ìyá ò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ìwé kan lé adájọ́ lọ́wọ́ kí n sì ní kó gba ìdajì rẹ̀ gbọ́, kó da ìdajì nù.

Lẹ́yìn àdírẹ́sì, òfin orílẹ̀-èdè fún adájọ́ ní 90 ọjọ́. Ìdájọ́ bọ́ sí ọwọ́ Ìyá: gbogbo owó ìpín kẹta láìka yáàdì 40, àti ìyókù ìpín kejì. Adájọ́ ò fún wa ní èlé tí a béèrè fún àkókò tó ṣáájú ìdájọ́. Òótọ́ sì ni, torí irú èlé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú àdéhùn, òfin, tàbí àṣà òwò wá, kí ẹ sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, gẹ́gẹ́ bí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣe sọ nínú ẹjọ́ Ekwunife àti Wayne ní ọdún 1989. Ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ rìsíìtì, tó sọ iye èlé tó máa gorí owó tó bá pẹ́, tí oníbàárà sì fọwọ́ sí, ì bá ti gba owó tó jọjú fún Ìyá. Ìlà yẹn ni mo ń bẹ gbogbo oníṣòwò pé kí wọ́n fi kún rìsíìtì wọn. Èlé ẹ̀yìn ìdájọ́ ni a rí gbà.

Ìdájọ́ ò tíì di owó o. Mi ò dúró kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ "ẹ ní sùúrù." Nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fi sanwó ìpín kìíní wà nínú stétímẹ́ǹtì Ìyá, òmíràn sì wà lára ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fi ń kọ lẹ́tà. A gba àṣẹ gàníṣì lórí méjèèjì: kóòtù kọ́kọ́ dá owó tó wà níbẹ̀ dúró, ó sì dá ọjọ́ fún báńkì láti wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó san án. Ó kéré tán, ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà jíṣẹ́ àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Báńkì kan búra pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan nínú àkáǹtì náà. Owó tó pọ̀ jù lára gbèsè wà ní ìkejì, kóòtù sì pàṣẹ pé kí wọ́n san án fún Ìyá.

Kí oṣù 3 tí òfin fún wọn láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó pé ni wọ́n ti kọ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó ṣe kúrò ní àkáǹtì wọn, lọ́yà wọn pè mí pé ká sọ̀rọ̀. Wọ́n fa ìwé kòtẹ́milọ́rùn náà sẹ́yìn. Ìyá dín èlé kù fún wọn, wọ́n sì san ìyókù ní ìpín mẹ́ta, lórí àdéhùn tí a kó sílẹ̀ ní kóòtù tí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí fúnra rẹ̀.